Akéwì Ará Oko

Bí a bá pe ènìyàn ní ará oko ní ilẹ̀ wa, èébú ni. Ẹni tí a pè bẹ́ẹ̀ a fajú ro, a tún fìlà rẹ̀ dé, a sì wá ọ̀nà tí yóò fi da Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ lè mọ̀ pé òun náà ti gbé Èkó rí. Bẹ́ẹ̀ ni oko ni a ti ń jẹ, oko ni púpọ̀ nínú òwe tí a fi ń ṣe ọlọ́gbọ́n ní ìgboro ti wá, ìlú tí ó sì pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kò lè pìtàn ara rẹ̀ dé ìdí láì dárúkọ ọdẹ kan tí ó kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ akéwì kan tí orúkọ yìí di oyè mọ́ lórí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe aláwọ̀ dúdú. A óò rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí kò ṣeé fò dá. Ṣùgbọ́n ilé wa níhìn-ín ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ fún mi.

Òkè-Ọdẹ, ìlú Ìgbómìnà tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, gbé ọdẹ sínú orúkọ rẹ̀. Mo bá àwọn ọdẹ jókòó níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹmu wà nílẹ̀, ajá méjì sùn sí ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kan sì gbé ohùn sókè, ó ń sun ìjálá. Ó ki Ògún, ó ki ẹfọ̀n, ó ki ìdílé onílé tí ó gbà wá lálejò. Nígbà tí ó dé orí ìwà ẹranko kan báyìí, bàbá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́yìn mi dá a dúró. Bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹranko náà kì í sá gba ibẹ̀ bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ti rí i lójú ara rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Oníjàálá kò bínú. Inú ohùn ìjálá kan náà ni ó ti dá bàbá lóhùn pé bí ọ̀gá òun ti fi kọ́ òun ni òun ṣe sọ ọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, eré sì ń bá a lọ.

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéboyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá, èyí tí ó jáde ní ọdún 1966, kò ní ṣe kàyéfì sí èyí. Ó fi hàn níbẹ̀ pé àwọn oníjàálá a máa tọ́ ara wọn sọ́nà ní gbangba, kò sì sí ẹni tí ó ga jù kí a dá a dúró. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ìbéèrè tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá: ìwọ tí o ń sọ̀rọ̀ oko, ṣé o dé ibẹ̀? Àwa tí ń kọ̀wé ìròyìn, tí a ń jókòó sí ìgboro tí a ń sọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́, kì í sábà sí bàbá kankan lẹ́yìn wa tí yóò dá wa dúró.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó dá ìjà ewì kan sílẹ̀ ní ìlú Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní ọdún 1892. Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Bulletin, tí àwọn darandaran, àwọn tí ń rẹ́ irun àgùntàn àti àwọn awawúrà ń kà dé inú igbó. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Lawson kọ ewì síbẹ̀ pé òun ti dé igbó, òun kò sì rí ẹwà tí àwọn akéwì ń pariwo rẹ̀. Ooru, eruku, ọ̀dá, eṣinṣin àti ìdánìkanwà ni ó ní òun bá níbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, akéwì mìíràn tí ń jẹ́ Paterson, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Banjo, fún un lésì. Ó ní ojú Lawson ni kò ríran. Bí ó bá fẹ́ràn ilé ọtí àti títì ìgboro jù, kí ó jókòó sí Sydney. Àwọn akéwì mìíràn bọ́ sí i, ìwé ìròyìn ń tà, àwọn òǹkàwé sì pín sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ mi: ìgboro ni àwọn méjèèjì jókòó sí nígbà tí wọ́n ń bú ara wọn nítorí oko! Agbẹjọ́rò ni Paterson ní Sydney, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láàárín àgùntàn àti ẹṣin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó darúgbó, ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn méjèèjì jọ gbìmọ̀ rẹ̀ ni, nítorí pé iye ìlà tí akéwì bá kọ ni a fi ń san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjà tilẹ̀ jẹ́ ti àdéhùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe eré fún Lawson. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti bí i yóò lóye.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ọdún 1867, ni a bí i, nínú àgọ́, ní Grenfell, ibi ìwawúrà kan ní ẹkùn New South Wales. Bàbá rẹ̀, Niels Hertzberg Larsen, jẹ́ atukọ̀ òkun ará Nọ́wè tí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté Melbourne ní ọdún 1855 láti lọ wa wúrà. Wúrà kò sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ìyá rẹ̀, Louisa Albury, jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1866. Ọkọ fi nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún ju ìyàwó lọ. Orúkọ Larsen di Lawson lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gba ilẹ̀ díẹ̀ ní Eurunderee, lẹ́bàá ìlú Mudgee, ilẹ̀ tí kò sanra, wọ́n sì ń fi agbára fa oúnjẹ jáde nínú rẹ̀. Bàbá a máa lọ ṣe iṣẹ́ káfíńtà káàkiri, ìyá a sì máa dá gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí obìnrin adánìkangbé inú ìwé Lawson ti wá, kí ó má wò jìnnà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ apá tí ó kàn yín. Kò sí ilé-ìwé ní Eurunderee. Louisa ni ó yọ ìjọba lẹ́nu títí a fi ṣí ọ̀kan, ilé kékeré tí a fi èèpo igi ṣe ògiri rẹ̀. Henry wọ ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1876, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní àkókò kan náà ni àìsàn mú un ní etí. Kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ìgbà náà, nígbà tí yóò sì fi di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, etí rẹ̀ ti di pátápátá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ rẹ̀, John Tierney, ni ó fà á mọ́ra. Lẹ́yìn èyí, ó ń rìn lọ sí ilé-ìwé àwọn Kátólíìkì ní Mudgee, níbi tí olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Kevan ti bá a sọ̀rọ̀ nípa ewì. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó rí gbà nínú ilé-ìwé, bí a bá kó o jọ, kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ. Ìyókù, ìwé ni ó fi kọ́ ara rẹ̀: ó ka Dickens, ó ka ìtàn àwọn ọlọ́ṣà igbó àti ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí a fi ọkọ̀ kó wá sí Ọsirélíà.

Mo ń kọ orúkọ Tierney àti Kevan sílẹ̀ nítorí pé ohun kan wà lọ́kàn mi tí kò tíì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n rán mi lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdẹ, tí kò mọ ìṣirò, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì lọ tààrà. Ní àkókò ìsinmi, ó jókòó sí abẹ́ igi, ó ń fi ohùn Ìgbómìnà sun ìjálá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń ki ìdílé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láì ṣì í. Olùkọ́ àgbà jáde, ó fi pàṣán nà án, ó ní ilé-ìwé kì í ṣe ìgbẹ́, kí ó fi ìwà ará oko sílẹ̀ ní ilé bàbá rẹ̀. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo rí i, n kò sì sọ̀rọ̀. Wọn yóò fún mi ní máàkì lórí ìwà mi ní ọ̀sẹ̀ náà. N kò mọ ohun tí ọmọ náà dà. Èmi dà olùkọ́, mo sì ti ibẹ̀ di òǹkọ̀wé.

Kí a padà sí ọ̀nà wa. Nígbà tí Lawson fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ń bá bàbá rẹ̀ kọ́lé kiri. Ní ọdún 1883 ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Sydney, nítorí pé Louisa ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní àkókò náà. Ó kọ́ iṣẹ́ kíkun ọkọ̀ ní ọ̀dà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó ń jí, ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tí oorun ṣì wà lójú wọn rìn ní òpópónà, alẹ́ ni ó sì fi ń kàwé fún ìdánwò àbáwọlé yunifásítì. Kò yege. Ó lọ sí ilé ìwòsàn ojú àti etí ní Melbourne, bóyá etí rẹ̀ yóò là. Kò là.

Nípa ìyá rẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ pọ̀. Obìnrin tí ó wá láti oko, tí ọkọ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dá ìwé ìròyìn The Dawn sílẹ̀ ní ọdún 1888, fún àwọn obìnrin, obìnrin ni ó sì gbà sí iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀. Àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé bínú. Wọn kò gba obìnrin sínú ẹgbẹ́, wọn kò sì fẹ́ kí obìnrin ṣiṣẹ́ láì sí nínú ẹgbẹ́. Wọ́n gbìyànjú láti pa ìwé ìròyìn náà. Kò kú títí di ọdún 1905, àwọn obìnrin New South Wales sì ti gba ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ọdún 1902, lẹ́yìn ìjà tí Louisa wà ní iwájú rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé The Dawn yìí kan náà ni ó tẹ ìwé àkọ́kọ́ tí Henry ṣe, ní ọdún 1894. Àwọn tí ń kọ ìtàn a máa sọ pé ìyá àti ọmọ kì í gbọ́ ara wọn yé, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n inú ilé ìyá rẹ̀ ni Henry ti bá àwọn olóṣèlú tí wọ́n fẹ́ kí Ọsirélíà já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì pàdé, ewì àkọ́kọ́ tí The Bulletin sì tẹ̀ fún un, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1887, ọ̀rọ̀ òmìnira yìí ni. Ọmọ ogún ọdún ni.

Àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ka ojú ewé yìí yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1891. Àwọn tí ń rẹ́ irun àgùntàn ní Queensland yanṣẹ́ lódì nítorí pé àwọn olówó fẹ́ gba ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ láì ka ẹgbẹ́ sí. Ìjọba kó ṣọ́jà lọ bá wọn, wọ́n sì fi àwọn aṣáájú wọn sí ẹ̀wọ̀n. Lawson wà ní Brisbane nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìròyìn kan. Ó kọ ewì kan fún ìwé ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́, ewì tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin kan fi kà á sókè ní ilé ìgbìmọ̀ Queensland láti fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò fi ọrùn kékeré ra irú ìpolówó bẹ́ẹ̀! Ìyanṣẹ́lódì náà forí ṣánpọ́n, ṣùgbọ́n ìdí àpótí ìbò ni àwọn òṣìṣẹ́ kọjú sí. Ní ọdún náà gan-an, àwọn aṣojú wọn wọlé ní ìjókòó 35 ní ilé aṣòfin New South Wales.

Nítorí náà, nígbà tí Lawson sọ ní ọdún 1892 pé igbó kì í ṣe ọgbà ìgbádùn, òṣìṣẹ́ ni ó ń rò. Ẹni tí ó ní àgùntàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ń gun ẹṣin wo oko rẹ̀, rí igbó ní ọ̀nà kan. Ẹni tí ó gbé ẹrù sí ẹ̀yìn, tí ń fi ẹsẹ̀ rìn láti oko dé oko tí ń wá iṣẹ́, rí i ní ọ̀nà mìíràn. N kò sọ pé Paterson purọ́. Ewì rẹ̀ dùn ju ti Lawson lọ létí, ó sì mọ ẹṣin. Ṣùgbọ́n èmi yóò gba ẹ̀rí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn.

Olóòtú The Bulletin, J. F. Archibald, gbọ́n ju àwọn méjèèjì lọ. Ó fún Lawson ní pọ́ùn márùn-ún àti ìwé ọkọ̀ ojú-irin, àlọ nìkan, sí Bourke, ìlú tí ó jìnnà réré sí àárín ilẹ̀, kí ó lọ wo ohun tí ó ń sọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1892 ni. Ọ̀dá wà níta. Lawson ṣe iṣẹ́ kíkun ilé ní Bourke, ó ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn, ó wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹrù wọn, wọ́n rìn láti Bourke dé Hungerford ní ẹnubodè Queensland, ìrìn tí ó ju igba kìlómítà lọ, lábẹ́ oòrùn tí ń pa ẹran kú sí ojú ọ̀nà. Wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn padà. Kò lọ irú ibẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan yìí tó o. Púpọ̀ nínú ìtàn tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá, ibẹ̀ ni ó ti kó wọn wá, ó sì wá lè dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ṣé o dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1896, ìwé rẹ̀ méjì jáde, ọ̀kan ti ewì, ọ̀kan ti ìtàn kúkúrú. Èyí tí ó jẹ́ ti ìtàn, While the Billy Boils, ni ó dára jù. Ọ̀nà tí ó gbà kọ ọ́ ni kí àwọn olùkọ́ wa kíyè sí: gbólóhùn kúkúrú, ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ lẹ́nu iṣẹ́, àwàdà tí ó gbẹ bí ilẹ̀ ibẹ̀, ìbànújẹ́ tí kì í pariwo. Kò kọ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sọ ni ó kọ, ó sì fi í sí inú ìwé láì bẹ̀bẹ̀. Ìtàn tí ó lókìkí jùlọ nínú wọn, The Drover's Wife, kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ. Obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé kan nínú igbó, ọkọ ti da ẹran lọ láti ọjọ́ pípẹ́, ejò wọ abẹ́ ilé, obìnrin náà àti ajá sì ṣọ́ ọ mọ́jú. Kò sí ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á tán yóò mọ gbogbo ayé obìnrin náà.

Ó fẹ́ Bertha Bredt ní ọdún kan náà. Wọ́n jọ lọ sí New Zealand ní ọdún 1897, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ Maori ní ilé-ìwé kékeré kan ní Mangamaunu. Olùkọ́ ni òun náà nígbà kan, bí kò tilẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1900 ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti wá òkìkí, ó kọ iṣẹ́ dáradára níbẹ̀, ó sì padà wálé ní ọdún 1902 pẹ̀lú ìlera tí ó ti bàjẹ́.

Láti ibẹ̀ lọ, ìtàn náà korò. Ọtí ti mú un láti ìgbà èwe. Ní oṣù kejìlá ọdún 1902, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ láti orí òkúta ní etí òkun Manly, ọmọ aráyé sì gbà á là. Ilé ẹjọ́ ya òun àti Bertha ní ọdún 1903, obìnrin náà sì ní ẹjọ́ láti rò: ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń mutí, tí kò fi owó oúnjẹ sílẹ̀ fún ọmọ, kò ní fi ewì se ọbẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ìyìn akéwì bo èyí mọ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1905 àti 1909, ìgbà méje ni wọ́n ti Lawson mọ́ ẹ̀wọ̀n Darlinghurst ní Sydney, nítorí ọtí àti owó ọmọ tí kò san. Ọjọ́ 159 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ́ ewì rẹ̀ sórí nígbà tí òun wà nínú àtìmọ́lé. Ó kọ ewì nípa ibẹ̀ pẹ̀lú, ó sì fi nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é nínú ẹ̀wọ̀n, 103, ṣe àkọlé rẹ̀.

Ẹni tí kò fi í sílẹ̀ ni Ìyá Isabel Byers, obìnrin tí ó ń gbà á sí ilé, tí ó fi nǹkan bí ogún ọdún jù ú lọ. Òun ni ó ń bọ́ ọ, òun ni ó ń gbé ewì rẹ̀ lọ fún àwọn olóòtú, òun ni ó ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá owó tí a óò fi yọ ọ́ ní ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1916, ìjọba rí i níṣẹ́ ní Leeton, àgbègbè tí wọ́n ti ń fi omi odò rin oko, kí ó máa kọ̀wé nípa ibẹ̀. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé wọn kò gba ọtí títà láàyè ní ìlú náà. Ní ọdún 1920, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní pọ́ùn kan lọ́sẹ̀ láti inú owó ìrànwọ́ àwọn òǹkọ̀wé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, ó kú ní ilé Ìyá Byers ní Abbotsford, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìjọba sìnkú rẹ̀. Kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe adájọ́, kì í ṣe olówó. Kò sí òǹkọ̀wé kankan tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí ní ilẹ̀ náà. Olórí ìjọba gbogbo Ọsirélíà, Billy Hughes, wà níbẹ̀, èrò kún òpópónà, wọ́n sì gbé e lọ sí ibojì Waverley tí ó kọjú sí òkun. Wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Sydney ní ọdún 1931. Nígbà tí Ọsirélíà pa owó rẹ̀ dà sí dọ́là ní ọdún 1966, àwòrán Lawson ni wọ́n tẹ̀ sí ara dọ́là mẹ́wàá. Ní ọdún 1993, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ti Paterson sí ipò rẹ̀. Ẹni tí kò rí pọ́ùn méjì san nígbà ayé rẹ̀ ni ó wà lára owó yẹn fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ ohun tí ìjọba ń tọ́jú, ẹ jẹ́ kí n ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Ní Èsìé, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n sì ṣí i. Ère òkúta tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ni ó wà níbẹ̀, a kò sì mọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn dájú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìjálá ń kọ́? Yàtọ̀ sí ìwé Babalọlá àti èyí tí Ọládiípọ̀ Yémitàn kó jọ ní ọdún 1963, pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ mìíràn àti àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù, inú orí àwọn arúgbó ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà, àwọn náà kì í sì í ṣe òkúta.

Mo padà sí Òkè-Ọdẹ lẹ́yìn èyí, mo sì sọ ìtàn Lawson fún bàbá tí ó dá oníjàálá dúró. Ó fẹ́ràn apá tí ó rìn láti Bourke dé Hungerford. Ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo sọ ti etí tí ó di, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé:

“Tíṣà, ìwọ ọmọ mi, igbó tí ẹ ń wí yìí, ta ló ni ín kí àwọn òyìnbó tó dé?”

Mo ní, “Bàbá, àwọn aláwọ̀ dúdú kan ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí kò ṣeé kà.”

Ó ní, “Kí ni akéwì yín wí nípa wọn?”

N kò lè purọ́ fún un. Ohun tí Lawson wí nípa wọn kéré, ohun tí ó sì wí, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò dára. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó jà fún, òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ni. Ó kórìíra kí àwọn ará Ṣáínà wọ ilẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbà náà ti kórìíra rẹ̀. Ìwé ìròyìn tí ó sọ ọ́ di olókìkí, The Bulletin, gbé e sí ojú ewé rẹ̀ láti ọdún 1908 pé ti aláwọ̀ funfun ni Ọsirélíà, ó sì lé ní àádọ́ta ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò níbẹ̀. Ọdún 1962 ni gbogbo àwọn onílẹ̀ tó gba ẹ̀tọ́ láti dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Nínú The Drover's Wife, obìnrin dúdú kan ni ó wá gbẹ̀bí fún obìnrin náà nígbà tí kò sí ẹlòmíràn, ọkùnrin dúdú kan sì bá a to igi ìdáná, ó to ó ní ihò nínú láti fi tàn án jẹ. Wọ́n wọlé, wọ́n jáde; kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ibi tí ilé wọn wà.

Bàbá dákẹ́. Ó ní, “Wọn kò tíì dá a lóhùn?”

Mo ní wọ́n ti dá a lóhùn. Ní ọdún 2016, Leah Purcell, obìnrin òǹkọ̀wé tí ó jẹ́ ọmọ àwọn onílẹ̀ yìí, mú ìtàn darandaran náà, ó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Sydney. Ní ọdún 2021 ó sọ ọ́ di fíìmù, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó ṣe ìyàwó darandaran. Obìnrin náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, àwọn ọmọ wà, igbó wà, ọkọ kò sí nílé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin dúdú tí ó wọ àgbàlá kò to igi kí ó sì lọ. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀, obìnrin náà sì gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ pé ìyá òun gan-an, tí òun kò mọ̀, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ ni.

Bàbá ní kí n tún ìyẹn náà sọ. Mo tún un sọ.